Ọ̀kadà, Corolla àti Máṣíìnì Tí Wọ́n Gbé Lóru: Àkọsílẹ̀ Ìṣẹ̀lẹ̀ Kan ní Òṣogbo

Alékúwodò ni ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹlẹ̀, lọ́sàn-án ọjọ́ kan nínú oṣù kẹjọ ọdún 2024, nígbà tí ọdún Ọ̀ṣun ti kó àlejò kún ìgboro. N kò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ẹni mẹ́rin ni ọ̀rọ̀ kàn jù: ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń fi ọ̀kadà jẹun, ìyá ẹlẹ́lùbọ́ kan tó gbé láti Old Garage, ọkùnrin kan tó wa Corolla wálé láti Èkó, àti Alhaja tó ni máṣíìnì. Gbogbo àdúgbò ló mọ apá kìíní, torí ojú títì ni. Apá kejì ṣẹlẹ̀ nínú agbo ilé lóru, ìwọ̀nba èèyàn ló gbọ́ sí i, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ló fẹ́rẹ̀ẹ́ lé ọmọ náà kúrò lẹ́nu iṣẹ́.

Ọmọ náà ń bọ̀ lójú títì ńlá, ọwọ́ ọ̀tún tirẹ̀ ló dì mú. Ìyá jókòó sẹ́yìn, àpò ẹ̀lùbọ́ kékeré wà níwájú lórí táńkì. Akoto (hẹ́límẹ́ẹ̀tì) kan ṣoṣo ni ọmọ náà ní, ó sì ti gbé e kọ́ ọwọ́ máṣíìnì nítorí ooru. Corolla já láti òpópónà kékeré kan lápá ọ̀tún, ó fẹ́ yà sósì gba ọ̀nà Ọláìyá. Láti ọdún 1972 tí Nàìjíríà ti kó lọ sọ́wọ́ ọ̀tún, ẹni tó bá ń já sí títì láti inú àdúgbò, apá òsì ni ọkọ̀ àkọ́kọ́ yóò ti dé bá a. Awakọ̀ yìí wo ọ̀tún, ó rí i pé kòróòpe tó ń bọ̀ ṣì jìnnà, ó sì tẹná. Kò wo òsì. Imú mọ́tò gbá máṣíìnì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀tún, ó sì ká ẹsẹ̀ ìyá mọ́ àárín. Eegun ojúgun rẹ̀ kán. Ọmọ náà bọ́ síta, ìgbọ̀nwọ́ àti eékún ló bó.

Kí a tó wí, kí a tó fọ̀, ọlọ́kadà ti tó ogún níbẹ̀. Ẹnìkan ti yọ kọ́kọ́rọ́ mọ́tò, òmíràn ti bẹ̀rẹ̀ sí í tú afẹ́fẹ́ táyà. Bọ̀dá onímọ́tò ti ara rẹ̀ mọ́nú, ó ń pariwo láti ojú fèrèsé pé, “Ní Èkó, ta ló máa gbà kí ẹ dé ojú títì báyìí? Ṣé wọn ò tíì fòfin de yín níbí ni?”

Ó yẹ kí n dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yẹn, torí kì í ṣe òun nìkan ló gbà á gbọ́. Lóòótọ́, Èkó ṣe òfin ìrìnnà lọ́dún 2012 tó lé ọ̀kadà kúrò ní títì 475. Lóòótọ́ náà, láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà ọdún 2022, wọ́n fòfin dè é pátápátá ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà, Ìkẹjà àti Sùúrùlérè wà lára wọn. Ṣùgbọ́n òfin tí ilé aṣòfin Èkó ṣe, Èkó ló mọ. Kò bá onímọ́tò wọ Corolla dé Ọ̀ṣun. Ọ̀kadà tó wà ní Alékúwodò lọ́jọ́ náà lẹ́tọ̀ọ́ sí títì bí Corolla ṣe lẹ́tọ̀ọ́ sí i, bí kálukú wọn bá ti pa òfin ìrìnnà mọ́. Òfin ìrìnnà ti ìjọba àpapọ̀, èyí tí Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó, FRSC, tí a ń pè ní Róòdù Séfútì, ń lò, òun ló kárí gbogbo ìpínlẹ̀.

Àwọn ọlọ́kadà rò pé ọmọ ẹgbẹ́ àwọn ni àwọn ń gbèjà. Ní tèmi, díẹ̀ ló kù kí wọ́n bá ẹjọ́ rẹ̀ jẹ́. Nígbà tí wọ́n gbé ìyá kúrò nílẹ̀, ohun tó dáa ni wọ́n ṣe, torí ẹ̀mí ṣáájú ohun gbogbo. Ṣùgbọ́n wọ́n tún gbé máṣíìnì sẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà, wọ́n sì ti Corolla padà sẹ́yìn, débi pé nígbà tí òṣìṣẹ́ FRSC dé, kò sí ẹni tó lè fi ojú rí ibi tí ìkọlù ti wáyé. Bọ̀dá onímọ́tò ti wá ń sọ báyìí pé wọ́n-wéè ni ọ̀kadà gbà wá bá òun. Ẹni mélòó kan tí kò sí níbẹ̀ tilẹ̀ ti ń bá a gbè é lẹ́sẹ̀, nítorí ohun tí a mọ ọlọ́kadà sí náà nìyẹn.

Ọmọbìnrin oní-POS kan tó jókòó sábẹ́ agboòrùn lódìkejì ló kó ọmọ náà yọ. Ó ti ya fọ́tò mẹ́ta kí wọ́n tó gbé ohunkóhun. Nínú èkejì, imú Corolla ti kọjá etí títì wọ inú ọ̀nà tí ọ̀kadà ń tọ̀, gíláàsì iná iwájú mọ́tò fọ́ sílẹ̀ lápá ọ̀tún títì, máṣíìnì sì dojú kọ ibi tó yẹ kó dojú kọ. Òun náà ló pe 122, nọ́ńbà FRSC tí wọn kì í gba owó lórí rẹ̀. N kò mọ ohun tí ẹjọ́ yìí ì bá dà láìsí fọ́tò yẹn.

Ẹ jẹ́ ká wá sórí ìtanràn, torí ibẹ̀ ni ariwo ti pọ̀ jù lọ́jọ́ náà.

Òṣìṣẹ́ FRSC wo ọmọ náà, ó béèrè láísẹ́ǹsì. Kò ní. Ó ní káàdì ẹgbẹ́ lọ́wọ́, ó rò pé ó tó. Kò tó. Láísẹ́ǹsì tí òfin mọ̀ fún máṣíìnì ni èyí tí wọ́n kọ A sí lára gẹ́gẹ́ bí ìsọ̀rí rẹ̀. Ẹni tó ní ti mọ́tò nìkan kò tíì ní ti ọ̀kadà. Wọ́n kọ ẹ̀ṣẹ̀ méjì fún un sínú ìwé: àìní láísẹ́ǹsì, ₦10,000, gígun máṣíìnì láìdé akoto, ₦2,000. Akoto tó wà lọ́wọ́ máṣíìnì kò kà sí akoto. Èrò náà sì gbọ́dọ̀ dé tirẹ̀, èyí tí ọ̀pọ̀ wa ní Òṣogbo ń ṣe bí ẹni tí kò gbọ́ rí. Ẹ ó rántí ọdún 2009, láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní, tí FRSC bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ líle mú òfin akoto kárí orílẹ̀-èdè. Àwọn kan dé igbá, àwọn kan dé ìkòkò, àwọn kan gé ike ọ̀dà dé sórí. Àwọn èrò ní àwọn kò lè fi orí àwọn sínú akoto tí orí ẹlòmíràn ti wọ̀, kí wọ́n má fi oògùn gbé àwọn lọ. A rẹ́rìn-ín títí ẹ̀rín fi tán, òfin náà sì wà síbẹ̀.

Bí ìwé ìtanràn ṣe jáde, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ pariwo mọ́ ọn: “Má fọwọ́ sí i o! Tó o bá ti fọwọ́ sí i, o ti gbà pé ìwọ lo jẹ̀bi nìyẹn!” Bọ̀dá onímọ́tò náà gbọ́, inú rẹ̀ sì dùn. Ó ní, “Ẹ wò ó, kò ní láísẹ́ǹsì, kò dé hẹ́límẹ́ẹ̀tì, òun ló jẹ̀bi.”

Àṣìṣe àwọn méjèèjì dọ́gba. Ẹni tó gun máṣíìnì láìdé akoto ti ṣẹ ìjọba, yóò sì san ₦2,000 rẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló fa ìkọlù, ìbéèrè mìíràn nìyẹn. Àìdé akoto kọ́ ló mú Corolla já sí títì láìwo òsì. Bó bá jẹ́ orí ìyá ló fọ́, ọ̀rọ̀ akoto ì bá wọ inú àríyànjiyàn lórí bí ìpalára ṣe pọ̀ tó. Ojúgun ló kán, akoto kì í sì í bo ojúgun. Láísẹ́ǹsì náà rí bákan náà: àìní rẹ̀ lè mú kí ọlọ́pàá fura sí ọ, ó sì lè mú kí ilé iṣẹ́ adójútòfò (inṣọ́ránsì) wá àwáwí, àmọ́ kò sọ ẹni tí wọ́n gbá di ẹni tó gbáni.

Ọmọ náà fọwọ́ sí ìwé náà. Kò fún ẹnikẹ́ni lówó lójú títì. Báńkì ni a ti ń san owó ìtanràn FRSC, a ó sì gba rìsíìtì. Kì í ṣe dandan kí ẹni tó bá rò pé òun kò ṣẹ̀ san án, ó lè ní kí wọ́n gbé òun dé kóòtù. Ẹni tó bá sì ki owó bọ òṣìṣẹ́ lápò ti dá ẹ̀ṣẹ̀ tuntun, ìtanràn ìyẹn nìkan jẹ́ ₦10,000.

Nílé ìwòsàn, wọ́n gbé ìyá dé ilé ìwòsàn aládàáni kan tó wà nítòsí. Nọ́ọ̀sì ní kí wọ́n mú ìwé ọlọ́pàá wá, kí wọ́n sì kó ₦150,000 sílẹ̀. Ìyá jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ń làágùn, aṣọ ni wọ́n fi di ẹsẹ̀ rẹ̀. Òfin Ìlera Orílẹ̀-èdè ti ọdún 2014, abala ogún, sọ pé kò sí oníṣègùn tàbí ilé ìwòsàn tó gbọ́dọ̀ kọ ìtọ́jú pàjáwìrì fún ẹnikẹ́ni, ohun yòówù kó fà á. Ẹni tó bá kọ̀ lè san ₦100,000 tàbí kó ṣẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà, tàbí méjèèjì. FRSC náà ní ìtanràn ₦50,000 fún ilé ìwòsàn tó bá lé ẹni tí ìjàm̀bá ọkọ̀ ṣe. Òṣìṣẹ́ FRSC tó tẹ̀ lé wọn wá ló sọ èyí fún dókítà, ohùn rẹ̀ kò le, ó kàn ń tẹ́ bíírò rẹ̀ mọ́ ìwé. Wọ́n gbé ìyá wọlé. Òfin náà kò sọ pé ìtọ́jú di ọ̀fẹ́. Ó sọ pé owó kò gbọ́dọ̀ ṣáájú ìtọ́jú tí ẹ̀mí tàbí ara rọ̀ mọ́. Wọ́n ya àwòrán eegun, wọ́n fi símẹ́ǹtì dè é, wọ́n kọ rìsíìtì.

Lọ́jọ́ kẹta, àwọn ọmọ ìyá fẹ́ gbé e lọ sọ́dọ̀ bàbá kan tó ń to eegun ní ọ̀nà Ìkìrun. Kò sí ẹni tó máa bá Yorùbá jiyàn lórí eegun títò, èmi náà kò ní í ṣe é. Ohun tí mo lè sọ ni pé bàbá náà kì í kọ rìsíìtì. Owó tí wọ́n san fún un kò sì sí nínú ohun tí wọ́n rí gbà padà.

Ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá, n kò ní pẹ́ níbẹ̀. Wọ́n gbé ọkọ̀ méjèèjì lọ sí àgọ́, kálukú kọ ohun tó mọ̀, àwọn ayẹ̀kọ̀wò VIO wá wo bíréèkì àti táyà. Máṣíìnì kò ní àléébù, àfi pé nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ aláwọ̀ búlúù, ti ẹni tó ń fi ọkọ̀ rìn fúnra rẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé ọkọ̀ tó ń gbé èrò gba owó, pupa ló yẹ kí lẹ́tà rẹ̀ jẹ́. Alhaja ló gba nọ́ńbà náà bẹ́ẹ̀ kó lè dín owó kù. Ọmọ náà kọ̀wé tirẹ̀ lọ́wọ́ ara rẹ̀, ó sì ní kí wọ́n so fọ́tò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mọ́ ọn. Béèlì, ọ̀fẹ́ ni.

Ní alẹ́ ọjọ́ yẹn, bọ̀dá onímọ́tò, tí ara rẹ̀ ti balẹ̀, pe bàbá ọmọ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní, “Bàbá, ẹ jẹ́ ká yanjú ẹ̀ nílé. Ẹ gba ₦50,000, kí kálukú máa lọ.” Bàbá fẹ́ gbà á. Àgbàlagbà ni, ó sì ń tijú láti máa fa ọ̀rọ̀ gùn pẹ̀lú ẹni tó kúnlẹ̀ kí i. Lọ́yà kan tí wọ́n jọ ń kírun ní mọ́sáláṣí kan náà ló dá a dúró, ó béèrè ohun kan ṣoṣo: ṣé mọ́tò yìí ní inṣọ́ránsì?

Ó ní. Tọ́ọ̀dù-pátì ni, èyí tó ń san fún ẹlòmíràn tí mọ́tò náà bá ṣe ní jàm̀bá. Wọ́n fi fóònù tẹ *565*11#, wọ́n fi nọ́ńbà mọ́tò sí i, èsì sì fi hàn pé ojúlówó ni, kì í ṣe irú èyí tí wọ́n ń tẹ̀ lábẹ́ igi. Ojú bọ̀dá onímọ́tò fúnra rẹ̀ là. Ó ti ń ra ìwé yìí lọ́dọọdún kí ọlọ́pàá má baà dá a dúró, kò fi ìgbà kan ronú pé ó lè wúlò fún ohun mìíràn. Láti oṣù kìíní ọdún 2023, ₦15,000 ni ti mọ́tò tí ènìyàn ń fi rìn fúnra rẹ̀, ó sì lè san tó mílíọ̀nù 3 náírà fún dúkìá ẹlòmíràn tí mọ́tò náà bá bà jẹ́. Ti máṣíìnì jẹ́ ₦3,000 lọ́dún, ó sì lè san tó mílíọ̀nù kan fún dúkìá. Èèyàn tó bá fara pa náà wà lábẹ́ rẹ̀. Ìyá ẹlẹ́lùbọ́ àti ọlọ́kadà, àwọn méjèèjì ni ẹni ìta tí ìwé Corolla wà fún.

Máṣíìnì kò ní inṣọ́ránsì rárá. Lọ́tẹ̀ yìí, èyí kò pa ọmọ náà lára, torí kì í ṣe òun ló jẹ̀bi. Kí á kàn yí ọ̀rọ̀ náà po wò: ká ní òun ló já láti ẹ̀gbẹ́, tó sì gbá ẹlẹ́sẹ̀ kan tàbí imú mọ́tò olówó ńlá kan. Ẹni tó ń rí nǹkan bíi ₦8,000 lọ́jọ́ ni yóò máa fi ọdún mélòó kan san án. Mo ti gbọ́ tí àwọn ọlọ́kadà ń sọ pé inṣọ́ránsì kò wúlò torí kò ní tún máṣíìnì tiwọn ṣe. Òtítọ́ ni, tọ́ọ̀dù-pátì tìrẹ kì í tún máṣíìnì tìrẹ ṣe. Gbèsè tí o lè jẹ ẹlòmíràn ló wà fún. Láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kejì ọdún 2025 ni àwọn ọlọ́pàá sì ti kéde pé àwọn yóò máa yẹ̀ ẹ́ wò lójú títì.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ Corolla ti ń lọ geere, tí ìwé ti ń lọ tó ń bọ̀ láàárín lọ́yà àti ilé iṣẹ́ adójútòfò, ni wàhálà gidi dé.

Máṣíìnì náà, háyà-pọ́ọ́ṣèsì ni. Alhaja rà á ní ₦850,000 lọ́dún 2023, ó gbé e fún ọmọ náà ní ₦1,500,000, kó máa san ₦20,000 lọ́sẹ̀. Bó bá san án tán, ó di tirẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ṣe onídùúró. Ojú ewé ìwé àjákọ kan ni wọ́n kọ àdéhùn sí, gbólóhùn tó kẹ́yìn rẹ̀ sì sọ pé: “Bí kò bá san owó ọ̀sẹ̀ méjì, mo lè wọlé rẹ̀ gba máṣíìnì mi nígbàkígbà.” Ọmọ náà ti san ọ̀sẹ̀ 48 láìyẹ̀, ₦960,000 ti wọlé. Lẹ́yìn ìjàm̀bá, máṣíìnì wà ní àgọ́ ọlọ́pàá àti lọ́dọ̀ mẹkáníìkì, òun náà kò lè tẹ́ apá rẹ̀ dáadáa. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kọjá láìsan owó. Lóru ọjọ́ kan, ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn tó gbé máṣíìnì dé láti ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì, ọkùnrin mẹ́ta wọ agbo ilé wọn ní Òkè-Baálẹ̀, wọ́n gé ṣéènì, wọ́n gbé e lọ. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Alhaja pè é. Ó ní òun ti gbé e fún ẹlòmíràn tó máa san owó, àti pé bí kò bá wá san ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ọlọ́pàá ni yóò mú ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Wọ́n ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Mo bi àwọn tó mọ Alhaja. Kì í ṣe òǹrorò. Ọlọ́kadà kan ti gbé máṣíìnì rẹ̀ sá lọ rí, wọ́n ti tú u palẹ̀ kó tó gbọ́. Owó ẹgbẹ́ àjẹṣẹ́kù ló fi ra àwọn máṣíìnì rẹ̀, òun náà ní ẹni tó ń bi í. Ní gbogbo Òṣogbo, láti Ìgbọ̀nà dé Ọjà-Ọba, báyìí ni wọ́n ṣe ń ṣe é: o kùnà, mo gbà á. Kò sí ẹni tó gbọ́ rí pé òfin wà fún un.

Òfin wà, ó sì ti pẹ́. Òfin Háyà-Pọ́ọ́ṣèsì ti ọdún 1965 ni. Àwọn ọjà mìíràn tí owó wọn bá kọjá ₦2,000 kò sí lábẹ́ rẹ̀, èyí tó mú kí ọ̀pọ̀ lọ́yà pàápàá gbàgbé pé ó wà. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tó ń lo ẹ̀ńjìnnì wà lábẹ́ rẹ̀, iye yòówù kó jẹ́, máṣíìnì sì wà lára wọn. Ohun tó sọ nípa ọkọ̀ rèé: bí ẹni tó ń san owó bá ti san ìdá mẹ́ta nínú márùn-ún, ẹni tó ni ọkọ̀ kò tún lè dá gbà á padà fúnra rẹ̀. Àfi kó gba kóòtù lọ. Ìdá mẹ́ta nínú márùn-ún ₦1,500,000 jẹ́ ₦900,000. Ọmọ yìí ti fi ₦60,000 lé e. Bí ọlọ́jà bá gbà á láìdé kóòtù, àdéhùn ti tú, gbèsè tó kù ti pa rẹ́, ẹni tó ń san owó sì lè pè é lẹ́jọ́ kó gba gbogbo ohun tó ti san padà.

Gbólóhùn “mo lè wọlé rẹ̀” náà kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Òfin kan náà sọ pé ohunkóhun nínú àdéhùn tó bá fún ọlọ́jà láṣẹ láti wọ ilé oníbàárà lọ gbé ọjà, òfo ni. Kò kan bóyá ọmọ náà fọwọ́ sí i.

Lọ́yà wá sọ apá tí inú bàbá kò dùn sí. Àyè kan wà fún Alhaja. Bí owó ìgbà mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ bá ti wà nílẹ̀ láìsan, ẹni tó ni ọkọ̀ lè gbé e lọ sí ibi tó wà níkàáwọ́ rẹ̀, kó má baà bà jẹ́, títí kóòtù yóò fi dá ẹjọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni ọmọ náà jẹ. Nítorí náà, ká ní Alhaja gbé máṣíìnì náà síwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, tó fi táḿpólì bò ó, tó sì gba kóòtù lọ, ọ̀rọ̀ ì bá gbè é. Ibi tó ti bà á jẹ́ ni pé kò lọ sí kóòtù kankan, ó sì gbé e fún ẹlòmíràn tó ti ń fi gbé èrò kiri. Kó tọ́jú rẹ̀ ni òfin gbà, kì í ṣe kó fi ṣòwò.

Ní ti ọlọ́pàá tó fi ń dẹ́rù bà wọ́n, Òfin Ọlọ́pàá ti ọdún 2020 sọ kedere pé wọn kò gbọ́dọ̀ mú ènìyàn nítorí pé àdéhùn owó bàjẹ́ nìkan, wọn kò sì gbọ́dọ̀ mú ẹnìkan dípò ẹlòmíràn. Onídùúró lè jẹ gbèsè, ṣùgbọ́n ìyẹn kò sọ ọ́ di ọ̀daràn. Ẹ̀gbọ́n ọmọ náà, tó ti ń sùn sílé ọ̀rẹ́ láti ọjọ́ mélòó kan, padà sílé.

Lọ́yà kọ lẹ́tà ojú ewé kan. Kò bú Alhaja, kò halẹ̀. Ó kọ iye tí wọ́n ti san, ó kọ ìdá mẹ́ta nínú márùn-ún sábẹ́ rẹ̀, ó fi ẹ̀dà abala òfin náà ti í. Alhaja gbé lẹ́tà náà lọ bá lọ́yà tirẹ̀, ìyẹn sì ní kó lọ parí ọ̀rọ̀ náà kíákíá. Ọjọ́ Àìkú ni wọ́n pàdé nílé alága ẹgbẹ́ ọlọ́kadà. Ọmọ náà dọ̀bálẹ̀, ó ní, “Alhaja, ẹ má bínú, mi ò sá fún yín, ara ló ṣàìyá.” Alhaja ní, “Tó o bá ti pè mí lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ yẹn ṣẹlẹ̀, ṣé mo máa rán wọn wá ni?” Mo rò pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ tọ́. Ọmọ náà fi gbogbo ọ̀sẹ̀ mẹ́rin yẹn pa fóònù rẹ̀ nítorí ìtìjú.

Àwọn kan níbẹ̀ ní kó má gbà, kó pè é lẹ́jọ́, kó gba ₦960,000 rẹ̀ padà. Ó ṣeé ṣe kó jàre. Ó ní máṣíìnì lòun fẹ́. Èmi kò dá a lẹ́bi. Ẹjọ́ kóòtù lè gba ọdún méjì, ebi kì í sì í dúró de ọjọ́ ìgbẹ́jọ́. Alhaja dá máṣíìnì padà, wọ́n kó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin náà lọ sí òpin, kò fi kọ́bọ̀ kún un. Ó ku ₦540,000. Wọ́n tún àdéhùn kọ: iye tí ọjà jẹ́ bí ènìyàn bá san án lẹ́ẹ̀kan, iye tó jẹ́ ní sísan díẹ̀díẹ̀, iye ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan àti ọjọ́ rẹ̀. Gbogbo èyí ni òfin ti ní kó wà nínú ìwé láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹ̀dà kan sì wà lọ́wọ́ ẹni tó ń san owó. Alhaja yí nọ́ńbà padà sí pupa, wọ́n jọ pín owó inṣọ́ránsì, ₦1,500 ẹnìkọ̀ọ̀kan. Ọmọ náà ti bẹ̀rẹ̀ ètò láísẹ́ǹsì, ó sì ra akoto kejì fún èrò. Ọ̀pọ̀ èrò ṣì ń kọ̀ ọ́.

Ilé iṣẹ́ adójútòfò san owó ilé ìwòsàn ìyá ní ìbámu pẹ̀lú rìsíìtì, wọ́n san owó àtúnṣe máṣíìnì, wọ́n sì fi díẹ̀ kún un fún ìyá nítorí ìrora. Ibi tí wọ́n ti ta kókó ni owó iṣẹ́ tó sọnù fún ọmọ náà. Wọ́n ní kó fi ẹ̀rí hàn pé ó ń ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́ àti iye tó ń rí. Kò ní ìwé kankan. Ohun kan ṣoṣo tó rí ni tíkẹ́ẹ̀tì ojúmọ́ tí wọ́n ń já fún un ní gáréèjì, èyí tó máa ń ráhùn lé lórí láràárọ̀. Ọ̀pọ̀ rẹ̀ ló ti jù nù. Èyí tó kù nínú àpò ẹ̀wù rẹ̀ kò ju ti ọjọ́ mọ́kànlá lọ. Ọjọ́ mọ́kànlá náà ni wọ́n san.